Ìyá Kọ́mà àti Abala Kẹtàlá

Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ òfin ìpínlẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn aṣòfin tó jókòó lé e lórí, obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kọ́mà. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un, nítorí pé ní ọdún kan ó dá ìwé olójú ewé ọgọ́rin padà lẹ́ẹ̀mẹta torí kọ́mà kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní kọ́mà yẹn lè sọ ẹlẹ́bi di aláre. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ṣùgbọ́n wọ́n yọ kọ́mà náà kúrò. Láti ọjọ́ yẹn, ìwé tó bá ti le, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kì í tì dáadáa. Ó ní fáànù kan tó ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn, ó sì ní òkúta dídán mẹ́rin tó fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí fáànù náà má baà fọ́n wọn ká. Ọdún méjìlélógún ló ti lò níbẹ̀. Ó máa ń sọ pé òfin tó bá ní ihò, eku ló kọ́kọ́ ń mọ̀.

Ọdún tí à ń wí yìí ni wọ́n gbé iṣẹ́ tuntun kan ka orí tábìlì rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá ń wọ ìpínlẹ̀ náà wá bí omi òjò. Wọn kì í ra ilẹ̀. Wọ́n ń yá a lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n á to àwọn pátákó tó ń gba iná lára oòrùn sórí rẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní sólà. Wọ́n á ri àwọn fáànù gíga tí afẹ́fẹ́ ń yí. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n tún ń gbé bátìrì tó tóbi tó yàrá wá, èyí tí wọ́n fi ń fi iná pamọ́. Òfin ìpínlẹ̀ kò sì sọ ohunkóhun nípa èyíkéyìí nínú wọn. Òfin tó wà nílẹ̀ mọ ẹni tó yá ilẹ̀ kó lè gbin àgbàdo, kò mọ ẹni tó yá ilẹ̀ kó lè kórè oòrùn. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ní kí Ìyá Kọ́mà jókòó kọ àbádòfin tuntun.

Ó jókòó tì í fún oṣù méjì. Abala tó dùn mọ́ ọn nínú jù lọ ni ìkẹtàlá, tó kọ báyìí pé: ẹni tó bá ni ẹ̀rọ lórí ilẹ̀ tí a yá ni yóò kó o kúrò nígbà tí àdéhùn bá parí, yóò sì tún ilẹ̀ náà ṣe bó ti wà tẹ́lẹ̀. Kò gùn, kò lọ́jú pọ̀. Ta ni kò ní gbà pé ó tọ́? Wọ́n kà á fún ìgbà àkọ́kọ́ nílé aṣòfin, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó níta kí gbogbo ènìyàn lè kà á, wọ́n sì dá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ọjọ́ tí ará ìlú yóò wá sọ tẹnu wọn.

Ọkọ Ìyá Kọ́mà ń tún fíríìjì ṣe. Ẹ̀yìn ilé wọn kún fún òkú fíríìjì débi pé ẹni tó bá fẹ́ sá aṣọ ní láti fẹ̀gbẹ́ rìn. Ní àárọ̀ Sátidé kan, obìnrin náà gbé aṣọ tútù dání, ó fi orúnkún gbá ọ̀kan nínú wọn.

"Bàbá ilé yìí, ta ló ni gbogbo ìdọ̀tí yìí gan-an?"

"Èmi ni," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn láti abẹ́ ìbòòji. "Wọ́n fi ta mí lọ́rẹ ni. Wọ́n á gbé e wá pé kí n tún un ṣe. Tó bá ti kú pátápátá, wọ́n á ní, 'Ọ̀gá, ẹ máa lò ó, a ti fún yín.' Èmi náà á sì máa dúpẹ́ bí ọ̀dẹ̀! Àwọn akódọ̀tí kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹrù ara wọn ni wọ́n rọra gbé lé mi lórí."

Ẹ̀rín pa á, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín tán. Gbólóhùn kan ló yọ sí i lọ́kàn, gbólóhùn tó ti kà ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn nínú ìwé àdéhùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, télọ̀ ni. Òun ni àkọ́bí bàbá wọn, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ sólà wá yá ilẹ̀ náà fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó mọ òfin ló gbé ìwé náà lọ. Ìyá Kọ́mà kà á ní ọ̀sán ọjọ́ kan láàrin ìsinmi iṣẹ́, búrẹ́dì lọ́wọ́ kan, ìwé lọ́wọ́ kejì. Ó kan ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ohunkóhun tó bá wà lórí ilẹ̀ náà lọ́jọ́ tí àdéhùn bá parí di ti onílẹ̀, láìgba owó kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Inú wọn dùn! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ṣé wọ́n á fi gbogbo sólà yẹn sílẹ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́?" Àbúrò rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí wàhálà, ẹ fọwọ́ sí i. Òun fúnra rẹ̀ sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó kọ ipò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba sí i nísàlẹ̀.

Ó ju aṣọ tútù sílẹ̀, ó gbé fóònù.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya fọ́tò ojú ewé kọkànlá nínú ìwé ilẹ̀ yẹn."

"Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni."

Fọ́tò dé, àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ hàn létí rẹ̀. Ó kọ gbólóhùn inú ìwé náà sórí bébà, ó kọ abala kẹtàlá tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àdéhùn bá parí, ẹ̀rọ di ti onílẹ̀. Òfin sì ní ẹni tó ni ẹ̀rọ ni kó kó o kúrò. Ẹgbẹ̀rún méjì pátákó tí kò ní mú iná wá mọ́, wáyà, irin, kọ́ńkéré, gbogbo rẹ̀ á di ti télọ̀ kan tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ méjì. Gbólóhùn tó kọ tó ń yin ara rẹ̀ lé lórí, òun ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ló ṣí ilẹ̀kùn, òun ló wá tì í.

Àwọn ilé iṣẹ́ ti fi ìwé àdéhùn mẹ́ta mìíràn ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì fún àpẹẹrẹ. Ó yọ wọ́n nínú àpò. Gbólóhùn náà wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n jọra bí ọmọ ìyá kan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: mélòó ni irú télọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀?

Ní Sọ́ńdè, ó ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkọ rẹ̀ bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ara òun ni kò yá. Ní Mọ́ńdè, ó dé ibi iṣẹ́ kí agbálẹ̀ tó dé. Ó jókòó, ó mú pẹ́ńsù. Ọ̀rọ̀ kan péré ló fẹ́ yí padà. Bó bá yọ "ni" kúrò, tó fi "gbé wá" sí i, kó di ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ wá, ó parí. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Tàbí wọ́n á mọ̀? Ojú ewé kọkànlá wà níta, orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gbagada. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá gbé méjèèjì pàdé, wọ́n á ní Ìyá Kọ́mà fi òfin ìpínlẹ̀ ṣe ọgbà yí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ká. Bó bá sì dákẹ́ ńkọ́? Ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, ó tún mú un. Nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó dìde kí ẹ̀rù tó dá a dúró.

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pe ọ̀gá náà, nítorí pé kì í gbé ohùn sókè, kì í sì í yára rìn. Ọdún kan ló kù kó fẹ̀yìn tì. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán láìdá sí i. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"O ti yí nǹkan kan padà níbẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Ó dára. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Láti òní lọ, abala kẹtàlá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ. Jókòó, kọ gbogbo ohun tó o sọ yìí sílẹ̀, ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ, ìfọwọ́sí rẹ, má fi ọ̀kan pamọ́."

Ó kọ ọ́. Ọ̀gá lu òǹtẹ̀ ọjọ́ náà mọ́ ọn, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀.

"Ṣé wọ́n á lé mi, sà?"

"N kò mọ̀," ni ọ̀gá wí. Ì bá sàn kó purọ́.

"Ṣé mo lè sọ fún bọ̀ọ̀dá mi?"

"Àbádòfin wà lára pátákó níta. Ohun tí gbogbo ayé lè kà, ẹ̀gbọ́n rẹ náà lè kà á. Bí kò bá sí ẹni tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìjókòó, èmi ni n ó gbé e lọ bá ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n á dùn gbọ́ létí ju bẹ́ẹ̀ lọ bó bá ti ẹnu onílẹ̀ jáde."

Ní ọjọ́ kejì ó tọrọ ààbọ̀ ọjọ́, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá a nídìí ẹ̀rọ, téèpù lọ́rùn, ó ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ lórí ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà láìyí i po, nítorí pé gbogbo ọ̀nà tó ti rò nínú bọ́ọ̀sì láti fi sọ ọ́ pẹ̀lẹ́tù ti fò lọ. Bó ti ń sọ ọ́, ẹ̀rọ ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, ó dúró.

"Ìwọ lo kà á."

"Èmi ni, Bọ̀ọ̀dá."

"O ní kí n fọwọ́ sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé àbúrò mi ló bá mi kà á." Ó wo abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ. "Ọjọ́ wo ni wọ́n fẹ́ jókòó yẹn?"

Ó sọ ọjọ́ náà fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ.

"Máa lọ kí bọ́ọ̀sì má baà kún."

Bó bá jágbe mọ́ ọn ni, ì bá fúyẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí obìnrin yìí bá pe fóònù rẹ̀, á dún títí, kò ní gbé e. Ó pe àbúrò wọn obìnrin, ìyẹn sì lọ bá a wádìí.

"Bọ̀ọ̀dá ní àwọn ò bínú," ni àbúrò wọn wí. "Wọ́n kàn ní kí n má dárúkọ rẹ létí àwọn ni."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà, Ìyá Kọ́mà sunkún.

Ọjọ́ ìjókòó pé, gbọ̀ngàn kún. Tábìlì kékeré kan wà níwájú fún àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n fi Ìyá Kọ́mà sí. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kíkọ ni tirẹ̀. Àgbẹ̀ kan sọ̀rọ̀ nípa ilé oyin rẹ̀. Obìnrin panápaná kan ní bí bátìrì ńlá yẹn bá gbiná, omi lásán kò tó o, kí òfin fi ọ̀nà tó fẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ̀ àwọn. Lẹ́yìn náà lọ́yà àwọn ilé iṣẹ́ dìde, ó ga, ó rẹwà, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Ó ní àwọn kò ní àròyé púpọ̀. Ó ní abala kẹtàlá gan-an, àwọn kan sáárá sí ẹni tó kọ ọ́, kí ìgbìmọ̀ jọ̀ọ́ má fọwọ́ kàn án. Bírò Ìyá Kọ́mà dúró. Wọ́n ti rí ihò náà. Wọ́n ti rí i ṣáájú òun.

Ọ̀sán ń pọ́n. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Alága ìgbìmọ̀, obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun, kó ìwé rẹ̀ jọ. "Ṣé ó tún ku ẹnikẹ́ni?" Ìyá Kọ́mà di bírò mú bí ẹni tó di okùn kànga mú.

"Ó ku èmi, Alága."

Lẹ́yìn òpó ló ti dìde. Ó wọ kóòtù tó fúnra rẹ̀ rán, téèpù rẹ̀ sì yọ lápò bí ẹni tó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

"Télọ̀ ni mí, n kò mọ òfin. Mo yá ṣóbàtà kan ní ìdajì ṣọ́ọ̀bù mi. Ó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá, ó lò ó títí ó fi bàjẹ́. Lọ́jọ́ tó ń kó lọ, ó ní òun fi ẹ̀rọ náà ta mí lọ́rẹ. Mo ní ọrẹ kí ni? Gbé ẹrù rẹ! Ó sì gbé e." Ẹ̀rín sọ. "Àwọn tó yá ilẹ̀ mi ti kọ ọ́ sínú ìwé pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ, ẹ̀rọ di tèmi. Abala kẹtàlá yín ní ẹni tó ni ẹ̀rọ ni kó kó o. Ẹ ṣàlàyé fún mi, Alága. Ta lẹ kọ òfin yìí fún?"

Gbọ̀ngàn rọ́ gììrì. Alága gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ ní ìwé yẹn lọ́wọ́? Ta ló ṣe ẹlẹ́rìí yín nígbà tẹ́ ẹ fọwọ́ sí i? Ẹni yẹn kò ha kà á fún yín?"

Télọ̀ kò wo tábìlì iwájú. "Ẹni tó mọ̀wé jù mí lọ ni. Ojú òun náà fò ó."

Ìyá Kọ́mà fi bírò sílẹ̀, ó dìde.

"Èmi ni, Alága. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Èmi náà ni mo kọ abala kẹtàlá."

Lọ́yà gíga yẹn ti dìde dúró. "Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń kọ òfin fún ìpínlẹ̀, ó ní ilẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà! Ẹ jẹ́ ká da gbogbo àbádòfin yìí nù, ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ dìde, ó rìn bó ṣe máa ń rìn, tí gbogbo ènìyàn fi ń wò ó, ó gbé bébà kan lọ sọ́wọ́ Alága. Alága kà á, ó wo òǹtẹ̀ rẹ̀, ó tún un kà.

"Ó ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí obìnrin yìí ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì ti gba abala náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀," ni ó wí. "Lọ́yà, ẹ jókòó. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀ wá pé ká má fọwọ́ kàn án."

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ìgbìmọ̀ fi jókòó, wọ́n sì ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé wọ́n á gbé Ìyá Kọ́mà lọ sí yàrá àwọn fáìlì àtijọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, ó ń rò pé lẹ́tà ló dé. Lẹ́tà sì dé lóòótọ́. Wọ́n bá a wí pé ó kọ ipò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba sínú ìwé ẹbí, wọ́n ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀marùn-ún láti mọ̀ bóyá nǹkan mìíràn fara pamọ́ sínú rẹ̀. Kò sí.

Abala kẹtàlá yí padà. Wọ́n ní ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ wá sórí ilẹ̀ ni yóò kó o kúrò, ohun yòówù tí ìwé àdéhùn ì báà wí, yóò sì ti fi owó ìkólọ náà sọ́wọ́ ìjọba kí èèkàn àkọ́kọ́ tó wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í wẹ̀yìn. Àwọn àdéhùn tó ti wà kí òfin tó dé, òfin náà kò kàn wọ́n, àfi bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ fi irú ẹ̀rọ mìíràn kún èyí tó wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, Ìyá Kọ́mà ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ẹlòmíràn, òun fúnra rẹ̀ ṣì wà níta.

Oṣù márùn-ún kọjá. Ilé iṣẹ́ sólà náà wá bá télọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé bátìrì ńlá méjì sórí ilẹ̀ náà. Ó ní kí wọ́n mú ìwé tuntun wá. Wọ́n ní kò nílò ìwé tuntun. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni òun gbọ́. Wọ́n ní àwọn á gbé bátìrì náà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn nígbà náà, wọ́n sì lọ. Àbúrò wọn obìnrin ló ń gbé gbogbo ìròyìn yìí wá, Ìyá Kọ́mà kò sì sùn dáadáa ní gbogbo àkókò náà. Bí wọn kò bá padà wá ńkọ́?

Wọ́n padà wá, ìwé tuntun lọ́wọ́ wọn. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dúró níta, ìwé tó nípọn lábẹ́ apá.

"Ẹ káàbọ̀, Bọ̀ọ̀dá."

"Ṣé omi tútù wà nílé onífíríìjì yìí?"

Wọ́n jókòó sídìí tábìlì. Ó ti ìwé náà sí i níwájú. Ó ní kí ó kà á sókè, kò gbọdọ̀ fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, bí òun bá sì ń tòògbé kó jí òun. Ó ní ìyàwó olùkọ́ tó wà ládùúgbò òun ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá Kọ́mà ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó dùn ún, ó sì tọ́.

Ní ojú ewé kẹtàdínlógún, ó dúró, ó fi ìka tẹ ìlà kan.

"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní ilé iṣẹ́ 'lè' kó o kúrò. Wọn kò kọ 'gbọdọ̀' síbẹ̀."

"Kí ni 'lè' fi yàtọ̀?"

"Bó bá wù wọ́n ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na ọwọ́ mú bírò, ó fa ìlà gbọọrọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó yí àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Padà sí ojú ewé àkọ́kọ́," ni ó wí. "Máa kà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀."